Adágún Omi Kì í Ṣe Tánkì

"A ò tíì rí omi mu, ẹyẹ lẹ wá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀."

Gbogbo ìgbà tí a bá la ẹnu wa pé kí wọ́n tún dáàmù ṣe lọ́nà tí ẹja, ẹyẹ àti igbó yóò fi padà síbẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń jù lù wá nìyẹn. Àwọn àgbà ń sọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ wa náà ń sọ ọ́, wọ́n á tún fi ẹ̀rín sí i. A ò bínú sí wọn. Ẹni tó jí ní ìdájí, tó gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin sórí ọ̀kadà, tó lọ tò síwájú bọhólù aládùúgbò, tí kò wá sí iná tí wọ́n máa fi fa omi náà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní sùúrù láti gbọ́ ìtàn lékeléke. A mọ̀. Àwa náà ti to kẹ́ẹ̀gì rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò jóòótọ́. Ó ya omi sọ́tọ̀, ó ya ẹyẹ sọ́tọ̀, ó wá ní ká mú ọ̀kan. Ohun tí a fẹ́ sọ níbí ò ju ẹyọ kan lọ: adágún omi tí igbó, ẹja àti ẹyẹ bá ti sá kúrò níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí omi náà yóò fi tẹ̀ lé wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Iyere wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, kò sì jìnnà sí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ. Odò ló fún Ọ̀sẹ lórúkọ. Odò náà ń ti orí àwọn òkè apá Èkìtì àti Àkókó bọ̀, ó ń gba ilẹ̀ wa kọjá, ó ń ṣàn wọ ìpínlẹ̀ Edo níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Ovia, kó tó wá lọ bá odò Benin. Omi kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń pín. Tí ẹ bá sì bi ẹnikẹ́ni ní Ọ̀wọ̀ nípa omi ìjọba, kò ní pẹ́ tí yóò fi dárúkọ Ọ̀sẹ.

Nígbà ìbò, ẹ ó gbọ́ orúkọ náà dáadáa. A máa pààrọ̀ páìpù. A máa ra ẹ̀rọ tuntun. A máa kun tánkì. Gbogbo ẹ̀ dára, a sì fẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ilẹ̀ tó yí omi ká. Lójú wọn, adágún omi kò ju tánkì ńlá lọ: ihò kan nílẹ̀, tí omi wà nínú ẹ̀, tí ẹ̀rọ ń fà. Ìwà tí a ń hù sí tánkì la sì ń hù sí i. Ta ló ń gbin igi yí tánkì ká?

Adágún omi kì í ṣe tánkì. Tánkì kì í kún fún iyẹ̀pẹ̀. Dáàmù máa ń kún fún un. Tí wọ́n bá gé gbogbo igi etí omi, tí wọ́n sun koríko, tí wọ́n wá dá oko dé bèbè, òjò àkọ́kọ́ ọdún á gbá ilẹ̀ náà wọ inú omi. Òjò kejì á ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹrẹ̀ á máa ga sí i nísàlẹ̀, omi á máa dín kù lókè. Ẹni tó ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn á rí omi tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ, á ní ó pọ̀. Àṣé kò jìn mọ́. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ̀rọ á máa fa ẹrẹ̀.

Ajílẹ̀ àti oògùn apakòkòrò tí àgbẹ̀ fọ́n sóko náà á bá ọ̀gbàrá wọlé. Omi á di àwọ̀ ewé. Ewéko orí omi á bò ó. Ilé iṣẹ́ omi á wá máa da álọ́ọ̀mù àti kilorín sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó á máa lọ, omi náà á ṣì máa rùn. Igbó etí omi ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀: gbòǹgbò di ilẹ̀ mú, ewé gba òjò kó má fi agbára kan ilẹ̀, koríko àbàtà sẹ́ ìdọ̀tí kó tó dé àárín. A gé òṣìṣẹ́ tí kì í gba owó oṣù, a wá ń wá owó tí a ó fi ra kẹ́míkà.

Tí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn. Dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, orí odò Ọ̀nà, 1942 ni wọ́n ṣe é. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: Ẹlẹ́yẹlé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi ló wà ní etí omi yẹn láyé ìgbà kan. Ìlú wá fẹ̀ dé ibẹ̀. Wọ́n gé igi, ilé sún mọ́ bèbè, ìdọ̀tí ìlú gba ojú ìṣàn wọlé, ẹrẹ̀ kún inú ẹ̀, ewéko sì bo ojú omi. Lára ewéko ọ̀hún ni èyí tó ní òdòdó aláwọ̀ elésè àlùkò, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ọ̀nà omi Badagry ní 1984, tó ń bọ̀ láti apá Porto-Novo. Àwọn àgbà wa máa ń ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àlejò yìí lékè àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá rọ̀ sí Ìbàdàn. Àwọn tó kú lé ní 100. Afárá wó, ilé lọ. A ò sọ pé igi Ẹlẹ́yẹlé nìkan ni ìbá ti gba gbogbo wọn là. Òjò yẹn pọ̀, ilé tó wà lójú ọ̀nà omi sì pọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé, nígbà tó yá, wọ́n ní láti yá owó lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, mílíọ̀nù 200 dọ́là, fún ètò ìdènà àgbàrá ní Ìbàdàn, àtúnṣe dáàmù Ẹlẹ́yẹlé sì wà lára iṣẹ́ náà. Owó tí a kò ná sórí igi, a ó ná an sórí kọnkéré, pẹ̀lú èlé.

Ìbàdàn kan náà yìí ni a ti rí ìdáhùn. Ní ọ̀nà Mọ́níyà, ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA wà níbẹ̀ láti 1967. Ilẹ̀ wọn tó hẹ́kítà 1,000. Wọ́n dí odò, ó di adágún tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 70. Iṣẹ́ ló ń ṣe: omi ẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí igbó wà lára ilẹ̀ náà, bíi hẹ́kítà 350. Kì í sì ṣe igbó tó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ o. Oko ni púpọ̀ nínú ẹ̀ kí wọ́n tó gba ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, igi padà. Nínú igbó yẹn ni ẹyẹ kan wà tó jẹ́ ẹbí ẹ̀gà, tí onímọ̀ ẹyẹ kan tó ń jẹ́ Elgood fi orúkọ Ìbàdàn pè ní 1958: Malimbus ibadanensis. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Kò sí ní Amẹ́ríkà, kò sí ní Ghana. Tí ó bá parẹ́ níbí, ó parẹ́ nìyẹn.

Ìlú kan, adágún méjì. Ọ̀kan ní igbó, ọ̀kan kò ní. Èwo nínú méjèèjì lẹ máa fẹ́ kí ọmọ yín mu omi ẹ̀?

A mọ èsì tó ń bọ̀: IITA ní ọgbà, wọ́n ní owó, wọ́n sì ṣí àwọn tó ni ilẹ̀ nídìí kí wọ́n tó rí i ṣe. Òótọ́ ni, a ò sì ní kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún àgbẹ̀ kankan ní Iyere. Ṣùgbọ́n ọgbà kọ́ ló hu igi. Ohun tí ọgbà ṣe ò ju pé ó sọ fún èèyàn pé: má gé e. Ṣé àwọn baba wa nílò wáyà kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní igbó orò. Wọ́n ní odò tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa ẹja inú ẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75, wà létí ìlú títí di òní, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Ẹ̀sìn yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ gbà fún wa pé òfin náà ṣiṣẹ́ lórí igi.

Ṣùgbọ́n Òṣogbo yìí kan náà ló tún kọ́ wa pé igbó létí omi nìkan kò tó. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di pupa. Odò Ọ̀ṣun yẹn náà ni wọ́n dí ní Aṣéjìré fún omi Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ìjọba tó bá fẹ́ tún omi Ọ̀sẹ ṣe má wo ibi tí ẹ̀rọ wà nìkan. Ẹ gòkè odò. Ẹ lọ wo àwọn tó ń wa yanrìn. Ẹ lọ wo àwọn tó ń fi gámálínì pa ẹja, oògùn tí wọ́n ṣe fún kòkòrò kòkó, tí wọ́n ń dà sínú omi tí ẹlòmíràn fẹ́ pọn sílé. Ẹja tí wọ́n pa báyìí, ọjà ló ń lọ. Àwa la ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìlera wá dé. Ẹnì kan lè sọ pé omi tó dúró, tí koríko àti ẹranko wà níbẹ̀, àrùn ló ń bí. Ó ní ìdí tó fi lè sọ bẹ́ẹ̀. Dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ṣí ní 1983, àtọ̀sí ajá bá àwọn ará abúlé etí ẹ̀ jà, pàápàá àwọn ọmọdé. Ìgbín kékeré inú omi ló ń gbé kòkòrò àrùn náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ló yẹ kó máa jẹ ìgbín náà?

Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n parí dáàmù Diama ní 1986, nítòsí ibi tí odò Sẹ̀nẹ̀gàl ti ń wọ òkun, kí omi iyọ̀ má bàa wọlé. Edé odò tó máa ń jẹ ìgbín yìí kò rí ọ̀nà lọ sí ibi omi iyọ̀ tó ti ń bímọ mọ́. Edé lọ, ìgbín pọ̀. Àtọ̀sí ajá gba Richard-Toll àti àyíká ẹ̀ kan. Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí kó edé padà sínú omi ní abúlé kan, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 2015: ìgbín tó ní àrùn dín kù, àrùn náà sì dín kù lára àwọn èèyàn. Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe pé ẹranko wà nínú omi ló mú àrùn wá. Ẹranko tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni wọ́n lé lọ.

Àwọn kan á ní, "Ẹ dákẹ́ jàre, ìlú òyìnbó nìkan ni wọ́n ti ń ráyè irú èyí." Kò burú, ẹ jẹ́ ká lọ sílùú òyìnbó. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Tottenham àti Hackney ní London. Nítòsí wọn, ní Walthamstow, adágún mẹ́wàá wà tí wọ́n gbẹ́ láàárín 1853 sí 1904. Èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ló ń gba omi láti ibẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n ṣí ibẹ̀ fún gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí ibùgbé ẹyẹ àti ẹranko. Wọ́n gbin esùsú sí etí omi, ẹyẹ ń yé sí erékùṣù tó wà láàárín, apẹja ń sanwó kó tó ju ìwọ̀, ọmọ ilé ìwé ń wá wòran. Ẹ̀rọ ò sì dá iṣẹ́ dúró. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà níbẹ̀ ń mu omi tí pẹ́pẹ́yẹ ti lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, wọ́n ń fi í po ẹ̀bà, wọn ò sì kú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ṣe é lọ́hùn-ún, ọgbọ́n ni, tí a bá ní ká ṣe é ní Ọ̀wọ̀, ọ̀lẹ ni wá?

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò fi ṣeré rárá. "Igbó? Ní Ọ̀wọ̀?" Ní oṣù kọkànlá 2020, wọ́n pa Olúfọ̀n ti Ifọn lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, àwọn apani wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, èèyàn tó kú lé ní 40. Kò sí ẹni tó lè gbàgbé. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù igbó ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ojo. Ìyá tó bá sọ pé òun ò fẹ́ kí igbó kankan tún hù sí, a ó dọ̀bálẹ̀, a ó kúnlẹ̀ kí a tó dá a lóhùn.

Ìdáhùn wa rèé. Igbó tí kò ní olùtọ́jú ni ọ̀daràn ń fi ṣe ilé. Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, tí ìjọba ti gbàgbé, tí ojú ọ̀nà ti bàjẹ́. Etí omi tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe irú ẹ̀. Ibi tí ọdẹ ìlú ń rìn yí ká ní àárọ̀ àti ní alẹ́ tí wọ́n sì ń gba owó oṣù, tí apẹja forúkọ sílẹ̀ kó tó sọ àwọ̀n, tí òṣìṣẹ́ omi wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni ojú pọ̀ sí jù. Dáàmù tí wọ́n pa tì, tí irin ń dípẹtà lára ẹ̀, ìyẹn gan-an ló yẹ kó máa bà wá lẹ́rù.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò ṣòro, kò sì farasin. Ìgbà yòówù tí wọ́n bá tún fọwọ́ kan omi Ọ̀sẹ, tàbí dáàmù mìíràn ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, kí iṣẹ́ náà ní nǹkan márùn-ún nínú.

Kí wọ́n fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 50 yí omi ká fún igi, kí ó sì jẹ́ igi ilẹ̀ wa: àràbà, ìrókò, ọ̀pẹ. Kì í ṣe igi kan ṣoṣo tí wọ́n tò bí ọmọ ogun nítorí fọ́tò.

Kí wọ́n fi apá kan etí omi sílẹ̀ fún àbàtà, ibi tí omi kò jìn, tí esùsú àti òṣíbàtà lè hù, tí àkèré lè yé sí, tí ẹja àrọ̀ lè tọ́mọ.

Kí wọ́n fi òfin sí ẹja pípa: kò sí oògùn, kò sí àwọ̀n tó ń kó ọmọ ẹja, kí oṣù tí ẹja ń yé sì jẹ́ oṣù ìsinmi. Kí àwọn apẹja fúnra wọn jókòó ṣe òfin náà, torí àwọn ló mọ oṣù ọ̀hún.

Kí wọ́n má lé àgbẹ̀ bí ewúrẹ́. Ẹni tí oko ẹ̀ bá wọ mítà 50 yẹn, kí wọ́n fún un ní ilẹ̀ mìíràn, tàbí kí ó gbin igi eléso síbẹ̀, ìyeyè tàbí ọ̀pẹ, kí ó máa ká a. Àgbẹ̀ tó ń rí owó nínú igi kò ní gé e.

Kí wọ́n máa tú omi sílẹ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí dáàmù Tiga ní Kano ní 1974, àwọn apẹja àti àgbẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ odò, ní àbàtà Hadejia-Nguru, ni omi dín kù fún. Igbó ìjọba Ifọn, tí a mọ̀ mọ́ erin, wà lápá ìsàlẹ̀ tiwa. Edo wà nísàlẹ̀. Ẹni tó wà lókè odò tó mu àmuyó tí kò rántí ẹni ìsàlẹ̀, ìwà wo nìyẹn?

Ẹ ó ní owó dà. Owó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó ẹrẹ̀, owó álọ́ọ̀mù, owó oògùn àtọ̀sí ajá, owó kọnkéré lẹ́yìn àgbàrá. Ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi ra ọmọ igi, ẹ fi san owó oṣù ọdẹ. Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sílé ní Iyere, tí wọ́n ń wá ọ̀nà àtilọ sí Libya, mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ tiyín nìyí. Nígbà tí olóṣèlú bá tún dé, tó ní òun máa fún yín lómi, ẹ má bi í ní iye páìpù nìkan. Ẹ bi í pé: igi mélòó lẹ máa gbìn yí i ká? Ta ló máa ṣọ́ ọ? Ẹja inú ẹ̀ ńkọ́? Tí ó bá rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ pé tánkì ló ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ọdún díẹ̀ sí i, ẹ ó tún máa to kẹ́ẹ̀gì.

A ò sọ pé ẹyẹ ṣe pàtàkì ju èèyàn lọ. A ń sọ pé lékeléke tó dúró sí etí omi ń sọ ìròyìn fún wa: ẹja wà, omi kò tíì ní májèlé, ilẹ̀ kò tíì ya lulẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ ò rí ẹyẹ kankan, ẹ má ṣe gbé ìgbá yín bọ omi yẹn kánkán.